Fátúmbí: Òyìnbó tó gbé kámẹ́rà kọ́rùn tọ ewé Yorùbá lọ

Nígbà tí àkọ́rọ̀ òjò bá ti rọ̀ bí ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta ní ilẹ̀ Ìbàràpá, ojú ilẹ̀ a yí padà. Koríko tí iná ẹ̀ẹ̀rùn ti jó di eérú láti Èrúwà dé Lánlátẹ̀, láti Igbó-Ọrà títí dé Ìdèrè àti Ayétẹ̀, a tún bẹ̀rẹ̀ sí í yọrí. Igi tó ti wọ́wé a rúwé tuntun. Ìgbà yìí ni rírìn nínú igbó máa ń dùn. Àgbà àgbẹ̀ tó ń lọ sóko láàárọ̀ a ki tábà sínú ìkòkò rẹ̀, a máa fà á díẹ̀díẹ̀ bó ti ń lọ, ojú rẹ̀ a sì máa wo ewé tó wà lọ́tùn-ún lósì: èyí rẹ́rẹ́ ni, èyí ẹ̀fínrín ni, èyí akòko ni. Àwọn òyìnbó náà ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ tiwọn, nígbà tí òtútù bá ti kásẹ̀ nílẹ̀ tí igi sì bẹ̀rẹ̀ sí í rúwé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn a gbé kámẹ́rà kọ́rùn, wọn a tan sìgá ńlá tí wọ́n fi odidi ewé tábà wé, wọn a sì máa rìn kiri inú igbó fún ìgbádùn ara wọn.

Ọkùnrin kan wà tó bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú kámẹ́rà kan àti ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, tí kò sì wá ohun mìíràn ju ohun tí ojú lè fi jẹ̀gbádùn lọ. Ìrìn náà ló gbé e dé ilẹ̀ Yorùbá. Kí ó tó kú, òun ló ṣàlàyé fún gbogbo ayé bí ewé tábà ṣe di okùn tí wọ́n fi fa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Yorùbá kọjá òkun. Òun náà ló sì kó ewé àwọn oníṣègùn Yorùbá jọ sínú ìwé ju bí ọ̀pọ̀ ọmọ onílẹ̀ ti ṣe lọ. Pierre Verger ni orúkọ tí òbí rẹ̀ fún un. Fátúmbí ni orúkọ tí Ifá fún un.

Ọjọ́ kẹrin oṣù kọkànlá ọdún 1902 ni wọ́n bí i sí ìlú Párísì, olú-ìlú ilẹ̀ Faransé. Ilé ọlọ́rọ̀ ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé, owó kò sì jẹ́ ìṣòro fún wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò gba ti ilé-ìwé rárá. Wọ́n lé e kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, nígbà tó sì fi máa pé ọmọ ogún ọdún, ó ti fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀ pátápátá. Kí òǹkàwé fi èyí sọ́kàn, nítorí ọ̀rọ̀ ilé-ìwé yìí kò tíì tán láyé rẹ̀.

Fún bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ìgbé-ayé ọmọ olówó ló gbé: aṣọ olówó iyebíye, àpèjẹ, àti àwọn ọ̀rẹ́ tó jẹ́ pé ìdílé wọn bá ti tirẹ̀ dọ́gba. Ìgbé-ayé náà kò dùn mọ́ ọn nínú, ṣùgbọ́n kò fẹ́ ba ìyá rẹ̀ lọ́kàn jẹ́. Bàbá rẹ̀ àti àwọn arákùnrin rẹ̀ ti kú ṣáájú. Nígbà tí ìyá náà tún wá kú ní ọdún 1932, kò kù sílé ẹni tó lè sọ fún un pé ohun tó fẹ́ ṣe kò bá ti ìdílé mu. Ọdún yẹn gan-an ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, Pierre Boucher, kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán. Ó ra kámẹ́rà Rolleiflex kan, àwọn méjèèjì sì bọ́ sọ́nà ní erékùṣù Corsica, tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ rìn lẹ́bàá òkun àti láàárín òkè, tí wọ́n ń sùn níbi tí ilẹ̀ bá ṣú wọn sí. Láti ọjọ́ náà, Verger kò tún padà sí ìgbé-ayé ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ó yẹ kí a mọ irú kámẹ́rà tó gbé, nítorí ó ní ohun tó fi ṣe irú ènìyàn tó dà. Àwọn ará Jámánì ló ṣe Rolleiflex. Ojú méjì ló ní, ọ̀kan lórí èkejì: èyí tó wà lókè ni ayàwòrán fi ń wo ohun tó fẹ́ yà, èyí tó wà nísàlẹ̀ ló ń mú ìmọ́lẹ̀ lọ sórí fíìmù. Wọn kì í gbé e sójú bí ẹni tó ń fi ìbọn wo ẹran. Àyà tàbí ikùn ni wọ́n máa ń gbé e sí, ayàwòrán a wá tẹ orí ba, a máa wo inú rẹ̀ láti òkè bí ẹni tó ń wo inú kànga. Nítorí náà, ẹni tí wọ́n ń yà rí ojú ẹni tó ń yà á. Kò sí irin kankan láàárín wọn. Àwòrán 12 péré ló sì wà nínú fíìmù kan, gbogbo rẹ̀ onígun mẹ́rin tó dọ́gba. Ẹni tó bá gbé irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ rin ọ̀nà jíjìn ní láti kọ́ sùúrù. Yóò dúró, yóò wo, yóò tún dúró. Ẹni tó bá wo àwọn àwòrán Verger ti ọdún wọ̀nyẹn yóò rí i pé ojú àwọn tó yà kò le, wọn kò sì dà bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibì kan.

Ọdún mẹ́rìnlá ló fi rìn kiri ayé báyìí. Ó dé ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ó dé Tahiti, ó bá ìwé ìròyìn Paris-Soir yí ayé ká ní ọdún 1934, ó ṣiṣẹ́ fún Daily Mirror ní Lọ́ńdọ̀nù, ó dé Ṣáínà, Mẹ́síkò àti Peru. Ó gba aṣálẹ̀ Sàhárà wọ Áfíríkà, ó sì ti fojú kan ilẹ̀ Dàhòmì ní ọdún 1936. Ìwé ìròyìn ló ń ra àwòrán lọ́wọ́ rẹ̀, owó tó bá rí níbẹ̀ ló sì fi ń rìn lọ síwájú. Bí ó bá kú sójú ọ̀nà nígbà náà, àwọn ayàwòrán ẹgbẹ́ rẹ̀ nìkan ni ìbá rántí rẹ̀.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1946 ló gúnlẹ̀ sí ìlú Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia, lórílẹ̀-èdè Bùràsíìlì. Ìwé ìtàn àròsọ Jubiabá tí Jorge Amado kọ nípa ìlú náà ló ti kà, ó sì ti wù ú láti débẹ̀. Ìwé ìròyìn O Cruzeiro gbà á síṣẹ́. Ohun tó rí lójú pópó Salvador ló dá a dúró. Àwọn obìnrin aláṣọ funfun jókòó síta, wọ́n ń din àkàrà nínú epo pupa, wọ́n sì ń pè é ní acarajé. Ní ilé òrìṣà, Ṣàngó, Ọ̀ṣun, Ògún àti Yemọja ni wọ́n ń bọ, èdè tí wọ́n sì fi ń kọrin fún wọn ni wọ́n ń pè ní Nàgó. Lódì kejì omi, ní Cachoeira àti São Félix, oko tábà ló kún ibẹ̀, ọwọ́ àwọn obìnrin sì ni wọ́n fi ń wé sìgá ńlá tó lókìkí káàkiri ayé. Ọmọ ilẹ̀ Jámánì kan tó ń jẹ́ Dannemann ti dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní São Félix láti ọdún 1873. Nínú àwọn ilé òrìṣà kan pàápàá, àwọn ẹ̀mí onílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní caboclo a máa béèrè fún irú sìgá yìí nígbà tí wọ́n bá gun ènìyàn. Ẹni tó bá kàn ń rìn kiri yóò kà á sí ohun tó dùn-ún wò, yóò yà á, yóò sì máa lọ. Verger náà yà á, ṣùgbọ́n kò lọ.

Ìyálóòṣà kan wà ní Salvador nígbà náà tí wọ́n ń pè ní Ìyá Senhora; Maria Bibiana do Espírito Santo ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé. Òun ni olórí Ilé Àṣẹ Òpó Àfọ̀njá, ilé Ṣàngó tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1910. Verger di ọmọ ilé níbẹ̀. Ní ọdún 1948, nígbà tó fẹ́ wọkọ̀ lọ sí Áfíríkà, Ìyá Senhora bọ orí rẹ̀, ó fi í fún Ṣàngó, ó sì fi ìlẹ̀kẹ̀ sí i lọ́rùn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi í joyè Ojú Ọba nínú ilé náà. Oyè wo ni ìbá tún bá ayàwòrán mu ju èyí lọ? Ojú ló fi ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ yìí. Nísinsìnyí, ojú náà ti ní ẹni tó ni í.

Ilé-iṣẹ́ ìwádìí IFAN tó wà ní Dakar, tí Théodore Monod jẹ́ olórí rẹ̀, ló fún un ní owó ìrìn-àjò náà, pé kí ó lọ wo bí ẹ̀sìn Bahia ṣe bá ti Dàhòmì àti ilẹ̀ Yorùbá tan. Inú Verger dùn. Èrò rẹ̀ ni pé kí òun ya àwòrán lọ sí Bahia, kí àwọn tó wà lọ́hùn-ún lè rí bí nǹkan ṣe rí nílé baba wọn. Ó ya fọ́tò lọ bí ẹgbẹ̀rún méjì, ó sì gbé e fún Monod. Ìyẹn sọ fún un pé àwòrán nìkan kọ́ ni wọ́n torí rẹ̀ san owó. Ìwé ni kí ó jókòó kọ. Ọkùnrin tí wọ́n ti lé kúrò nílé-ìwé lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta wá di ẹni tí wọ́n ń béèrè ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kùn díẹ̀, ó sì jókòó tì í. Ìwé nípa ìbọ òrìṣà àti vodun tó jáde ní ọdún 1957 ló ti ibẹ̀ wá, àwọn olùwádìí kò sì yéé lò ó láti ìgbà náà.

Ní ìlú Ouidah ló ti bá ohun tó yí èrò rẹ̀ padà pàdé. Lọ́wọ́ ìdílé kan tó ṣẹ̀ wá láti Bùràsíìlì, ó rí lẹ́tà tó lé ní ọgọ́rùn-ún tí oníṣòwò kan tó ń jẹ́ José Francisco dos Santos kọ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Aṣọ ni ọkùnrin náà ń rán tẹ́lẹ̀. Ẹrú àti epo ló wá ń tà sí òkè òkun. Nínú lẹ́tà wọ̀nyẹn, ènìyàn àti ọjà wà pọ̀ lójú ìwé kan náà, iye owó wọn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Verger bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ló dé tó fi jẹ́ pé etíkun yìí gan-an ni Bahia ti ń kó ènìyàn, tí kì í ṣe ibòmíràn. Ó wọ inú àkójọ ìwé ìjọba àtijọ́ ní Salvador, ní Lisbon, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní The Hague àti ní Párísì. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ṣe é. Ìdáhùn tó bá padà ni tábà.

Ọ̀rọ̀ náà lọ báyìí. Ọba ilẹ̀ Pọtogí pàṣẹ pé tábà Bahia tó dára jù lọ, ìpele kìíní àti ìkejì, gbọ́dọ̀ lọ sí Lisbon. Èyí tó kù, ewé tó ti ya, tó kéré, tí kò já mọ́ nǹkan lójú àwọn ará Yúróòpù, ni wọ́n gbà kí àwọn ará Bahia máa kó lọ sí etíkun Áfíríkà. Wọn kò lè jẹ́ kí irú ewé bẹ́ẹ̀ gbẹ dànù. Wọ́n á lọ́ ọ bí okùn, wọ́n á fi omi dúdú tó ń ṣàn jáde nígbà tí wọ́n bá ń se ìrèké pa á lára dáadáa, wọ́n á sì ká a jọ rìbìtì. Omi ìrèké yìí ni kò jẹ́ kó gbẹ, òun náà ló sì fún un ní adùn àti òórùn tí kò sí lára tábà tí Lisbon gbà. Èyí tí ọba kọ̀ ló wá di ààyò ní Ouidah àti agbègbè rẹ̀. Àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì àti ará Faransé pàápàá ní láti wá tábà Bahia rà kí wọ́n tó lè ṣòwò níbẹ̀.

Àwọn ará Hólàńdì tó ti gba ilé olódi Elmina lọ́wọ́ àwọn Pọtogí tún sọ ọ́ di òfin. Wọn kò jẹ́ kí ọkọ̀ Pọtogí kankan kó ọjà Yúróòpù wá. Tábà nìkan ni. Ọkọ̀ tó bá kó o wá yóò kọ́kọ́ san ìdá kan nínú mẹ́wàá fún wọn ní Elmina, lẹ́yìn náà ni yóò lè lọ sí èbúté mẹ́rin péré: Grand-Popo, Ouidah, Jakin àti Apá. Ibi tí tábà ti ń hù ní Bùràsíìlì sì ni Bahia. Bẹ́ẹ̀ ni ewé kan ṣe so èbúté méjì pọ̀ fún nǹkan bí igba ọdún. Nígbà tí ìjọba Ọ̀yọ́ wá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, tí ogun gba gbogbo ilẹ̀ Yorùbá kan ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí Ìbàràpá náà kò sì yọ sílẹ̀, ọ̀nà tí tábà ti là sílẹ̀ ni wọ́n gbà kó àwọn tí ogun mú. Òfin ìlẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1807 kò dá wọn dúró. Ọdún 1850 ni Bùràsíìlì tó fi òpin sí kíkó ẹrú wọlé. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé Bahia ni àkàrà wà, tí Ṣàngó wà, tí àwọn Mùsùlùmí Yorùbá sì ti gbé ìdà lójú pópó Salvador ní oṣù kìíní ọdún 1835.

Verger kò dá ìtàn náà dúró síbi tí wọ́n ti kó wọn lọ. Ó tẹ̀ lé àwọn tó ra ara wọn padà, tí wọ́n wọkọ̀ padà wá sí Èkó, Porto-Novo àti Ouidah, àwọn tí ọmọ Èkó ń pè ní Àgùdà, tí ilé alárà wọn kún Pópó Àgùdà. Ìdí tó fi sọ ìwé náà ní orúkọ tó túmọ̀ sí ìṣàn omi lọ àti ìṣàn omi bọ̀ nìyí. Ní ọdún 1966, Yunifásítì Sorbonne ní Párísì fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé lórí iṣẹ́ náà. Ó ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún, kò sì ní ìwé ẹ̀rí ilé-ẹ̀kọ́ gíga kankan ṣáájú. Ìwé náà jáde ní ọdún 1968, ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Ìbàdàn sì tẹ ti èdè Gẹ̀ẹ́sì jáde ní ọdún 1976.

Ní gbogbo àkókò yìí, òun fúnra rẹ̀ ni ìṣàn lọ àti ìṣàn bọ̀. Bó ti ń ti Bahia dé Ọ̀yọ́, Òṣogbo, Ẹdẹ àti Kétu, bẹ́ẹ̀ ló ń jíṣẹ́ fún àwọn tó wà lódì kejì òkun. Ní ọdún 1952, Aláàfin Ọ̀yọ́, Ọba Adéníran Adéyẹmí Kejì, fi lẹ́tà, ẹdùn àrá àti ṣẹ́rẹ́ Ṣàngó rán an sí Ìyá Senhora, ó sì fi ìyá náà joyè Ìyánásó. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ti rí: ààfin tí wọ́n ti ń bọ Ṣàngó láti ìṣẹ̀dálẹ̀ ránṣẹ́ sí ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú, ó sì pè é ní orúkọ oyè tirẹ̀. Àpò òyìnbó ayàwòrán kan ni iṣẹ́ náà gbà kọjá.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, 1953, ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ nífá ní Kétu. Ìlú náà kò jìnnà sí ìwọ̀ oòrùn Ìbàràpá. Ẹni tó bá gba ọ̀nà Ìgàngàn àti Ìmẹ̀kọ yóò kàn án, ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fẹnu kò lé lórí ní ọdún 1889 ló gé e kúrò lára ìyókù. Olúwo ibẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́, Ifátúmbí ni wọ́n sì sọ ọ́, pé Ifá tún un bí. Ẹni àádọ́ta ọdún ni. Láti ọjọ́ náà ló ti ń fi orúkọ náà sí àárín orúkọ tirẹ̀ lára gbogbo ìwé tó bá kọ.

Jíjẹ́ babaláwo yí ìrìn rẹ̀ padà. Ẹni tó kàn ń gba inú igbó kọjá pẹ̀lú kámẹ́rà, ewé tútù ló rí. Babaláwo gbọ́dọ̀ mọ orúkọ ewé, iṣẹ́ tó ń ṣe, odù tó ni í, àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pè sí i. Verger kò fẹ́ràn láti máa béèrè ọ̀rọ̀ bí àwọn olùwádìí mìíràn ti ń ṣe. Ó gbà pé ẹni tí a bá bi léèrè yóò sọ ohun tó rò pé a fẹ́ gbọ́. Ó máa ń jókòó ti àwọn àgbà, á máa tẹ̀ lé wọn wọ igbó, á máa já ewé, á sì máa kọ orúkọ sílẹ̀. Ní ọdún 1967, Yunifásítì Ifẹ̀ tẹ ìwé kékeré rẹ̀ jáde lórí àwọn ewé Ọ̀sanyìn, ó sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún àwọn ọdún kan ní ẹ̀wádún tó tẹ̀ lé e.

Ohun tó rí nínú iṣẹ́ ewé yìí ju ti oníṣègùn òyìnbó lọ. Ó ṣàkíyèsí pé orúkọ ewé àti ọ̀rọ̀ ìṣe tó wà nínú ọfọ̀ máa ń jọra ní ìró. Bí ìró kan bá wà nínú orúkọ ewé, ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa pè sí i yóò gbé ìró náà jáde, ohun tí wọ́n fẹ́ kí ewé ṣe yóò sì wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Nítorí náà ni ewé kan fi lè ní orúkọ mẹ́ta, tí orúkọ kan sì lè jẹ́ ti ewé mẹ́rin: iṣẹ́ ló ń pe orúkọ. Ẹni tó bá gbé ewé náà lọ sí yàrá ìwádìí, tó wá ohun tó wà nínú rẹ̀, tó sì da ọ̀rọ̀ rẹ̀ nù, ìdajì ló gbé lọ. Àwọn kan bínú pé ó kọ ohun tó yẹ kó wà lẹ́nu awo sínú ìwé. Ọ̀rọ̀ wọn kò ṣeé gbé sọnù. Ṣùgbọ́n àgbà tó bá kú láìrí ọmọ tó fẹ́ kọ́ ewé lọ́wọ́ rẹ̀, ta ni yóò gba tirẹ̀ sílẹ̀?

Ní àkókò kan náà yìí, àwọn dókítà láti Ìbàdàn ti dé Ìbàràpá. Ọdún 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ètò ìlera rẹ̀ ní Igbó-Ọrà, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé ìbejì tí wọ́n ń bí níbẹ̀ pọ̀ ju ti ibi gbogbo lọ. Bí wọ́n bá bi àwọn ará ìlú léèrè ìdí rẹ̀, ọ̀pọ̀ a sọ pé ọbẹ̀ ìlasa tí àwọn fi ń jẹ àmàlà ni. Ewé náà tún nìyẹn. Ìwádìí kò tíì fi í hàn pé ìlasa ló fà á, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ka iṣẹ́ Verger kò ní yà lẹ́nu pé ewé ni ọkàn wọn kọ́kọ́ lọ sí.

Ìparí iṣẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ kò dùn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà nígbà náà pé orí idẹ Ọlókun tí Leo Frobenius, ará Jámánì, rí ní Ifẹ̀ ní ọdún 1910 ti di àwátì, àti pé èyí tó wà nílé ní Ifẹ̀ kì í ṣe ojúlówó. Ní apá ìparí àwọn ọdún 1970, ọ̀rọ̀ kan tàn kálẹ̀ pé orí náà wà ní Bahia, pé Verger ló gbé e lọ. Wọlé Ṣóyínká sọ nínú ìwé ìrántí tó tẹ̀ jáde ní ọdún 2006 bí òun àti Ọlábíyìí Yáì ṣe wọkọ̀ òfúrufú lọ sí Bùràsíìlì, tí wọ́n gbé orí náà kúrò níbẹ̀ ní bòókẹ́lẹ́. Nígbà tí wọ́n wò ó dáadáa, àwòkọ ni, irú èyí tí Ilé Ohun Ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú Lọ́ńdọ̀nù máa ń ṣe tà fún ẹni tó bá fẹ́. Àwọn agbófinró ti dá Verger dúró ní Nàìjíríà ní tirẹ̀. Ọkùnrin tó ti fi ọgbọ̀n ọdún gbé ohun ìní Yorùbá lọ gbé e bọ̀, lẹ́tà Aláàfin àti orúkọ ewé, ni wọ́n wá ń wò gẹ́gẹ́ bí olè. Ó dùn ún gan-an. Ṣóyínká fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé ọ̀rọ̀ náà dun òun. Ẹ̀bi náà kò sì rọrùn láti dá. Àwọn òyìnbó mìíràn ti jí púpọ̀ ní Ifẹ̀ àti ní Ìbíní, gbèsè wọn ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ ẹni tí kò jẹ wọ́n.

Verger padà sí Salvador. Ilé pupa kékeré kan ló ń gbé lórí òkè Engenho Velho de Brotas, níbi tí àwọn tálákà ìlú ń gbé. Ilé náà kò kún fún ohun ọ̀ṣọ́, ibùsùn rẹ̀ kò tóbi, ṣùgbọ́n àpótí fíìmù àti káàdì tó kọ orúkọ ewé sí ló kún gbogbo àyè. Ní ọdún 1988 ló dá àjọ kan sílẹ̀, ó sì fún un ní gbogbo ohun tó ní: fíìmù tó tó nǹkan bí 62,000, ìwé rẹ̀, àti ilé náà fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1995, nígbà tó ti lé ní ẹni àádọ́rùn-ún ọdún, ìwé ńlá rẹ̀ lórí ewé, tí wọ́n sọ ní Ewé lásán, jáde ní èdè Pọtogí. Iṣẹ́ 447 ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ Yorùbá àti ọfọ̀ wọn.

Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kejì ọdún 1996, olórin Gilberto Gil, tó di mínísítà àṣà ní Bùràsíìlì lẹ́yìn náà, jókòó tì í fún fíìmù kan tí wọ́n ń ṣe nípa ayé rẹ̀. Àgbà náà jẹ́wọ́ fún un pé òun kò lè gbàgbọ́ bí àwọn ọmọ ilé òrìṣà ti gbàgbọ́, pé òun jẹ́ ará Faransé jù, pé òrìṣà kò gun òun rí. Ó wù ú kó rí bẹ́ẹ̀, kò sì rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó lè ṣe náà ló ṣe: ó wo, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì gbé e padà fún àwọn tó ni í.

Ó kú ní ọjọ́ kejì, ọjọ́ kọkànlá oṣù náà, lẹ́ni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún. Ilé pupa náà ṣì wà lórí òkè, àwọn fíìmù rẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn ọmọ àdúgbò sì ń wá síbẹ̀ kọ́ ijó, ìlù àti yíya àwòrán.